Géètì Mẹ́fà Lórí Omi Tó Dákẹ́: Bí Ọ̀dọ́ Òṣogbo Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Ìdíje Slalom

Bí ọmọ kan bá sọ ní Òṣogbo pé ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ máa fi díje, odò Ọ̀ṣun ni ọkàn gbogbo ẹni tó gbọ́ yóò kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á ní omi ti wà nílẹ̀, kí ló tún kù? Ọ̀pọ̀ ló kù. Ọ̀pá méjì tó so rọ̀ lókè omi, tí wọ́n ń pè ní géètì, ni eré ọkọ̀ tó ń jẹ́ slalom dá lé, àti ọkọ̀ tó gba àárín wọn kọjá láì fara kàn wọ́n. Ìyẹn ṣeé kọ́ lórí omi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Irú omi bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Switzerland ní 1933, nígbà tí wọ́n wo bí àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín ṣe ń gba àárín ọ̀pá, tí wọ́n ní àwọn náà á gbé e wá sórí omi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni omi tó ń ya, ìyẹn omi tó ń sáré láàárín àpáta, wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá ti lè gba géètì mẹ́fà lórí adágún láì kan ọ̀pá kankan, tó sì ń yára, ti rìn jìnnà ju ẹni tó ń bá odò kíkún jìjàkadì lọ.

Òfin rẹ̀

Òfin ló ń sọ irú ìgbáradì tó yẹ, nítorí náà ká mú un kúrò nílẹ̀. Géètì 18 sí 25 ni wọ́n ń so sórí ipa ọ̀nà ìdíje kan. Èyí tó ní òrùka àwọ̀ ewé, bí omi ṣe ń ṣàn lo máa bá a gbà á. Èyí tó ní òrùka pupa, o ní láti yí ọkọ̀ padà kí o sì gbà á láti ìsàlẹ̀ odò lọ sókè. Mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́ pupa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90 sí 110 ni gbogbo rẹ̀.

Bí ọ̀pá bá kan ara rẹ, ọkọ̀ rẹ tàbí àjẹ̀ ọwọ́ rẹ, àáyá 2 ni wọ́n máa fi kún àkókò rẹ. (Àjẹ̀ la pè é o, kì í ṣe àjẹ́.) Bó o bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní géètì kan náà, 2 yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n bó o bá fo géètì, tàbí o gbà á lódì, tàbí orí rẹ kò gba àárín ọ̀pá méjèèjì, tàbí o mọ̀ọ́mọ̀ ti ọ̀pá kúrò lọ́nà, àáyá 50 ni.

Ká ní ẹnì kan parí ní 92.4, ó sì kan ọ̀pá ní géètì méjì: 96.4 ni wọ́n máa kọ fún un. Ẹnìkejì lo 95.1, kò kan nǹkan kan. Ẹnìkejì ló borí. Ẹni tó fo géètì kan ṣoṣo lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, kò sí eré tó lè fi sá bá àáyá 50.

Irú ọkọ̀ méjì ló wà. Nínú káyáàkì, tí wọ́n ń pè ní K1, o jókòó, o na ẹsẹ̀ síwájú, àjẹ̀ olójú méjì lo ń lò. Nínú kánúù, C1, o kúnlẹ̀, àjẹ̀ olójú kan. Ọkùnrin ń ṣe méjèèjì, obìnrin náà ń ṣe méjèèjì. Láti Òlíńpíìkì Tokyo ni C1 àwọn obìnrin ti wọlé. Ní Paris 2024 ni wọ́n fi káyáàkì kírọ́ọ̀sì kún un, níbi tí èèyàn mẹ́rin ti jọ ń bọ́ láti orí pèpéle sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. K1 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ inú C1 máa ń yọ orúnkún lẹ́nu, ẹni tí kò tíì mọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń dọ́gba kì í sì í pẹ́ sú u.

Omi wo?

Má gbé ọkọ̀ eré wọ Igbó Ọ̀ṣun. Ojúbọ ni. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ẹja inú odò ibẹ̀ pàápàá, wọn kì í pa á. Ẹni tó bá fẹ́ so páìpù àti okùn mọ́ igi inú igbó yẹn kò mọ ibi tó wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wíwa góòlù ní apá Ìjẹ̀ṣà ti da omi Ọ̀ṣun rú, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ẹrẹ̀. Ọkọ̀ yóò dojú dé mọ́ ọ lórí léraléra ní oṣù àkọ́kọ́. Omi yóò wọ ẹnu, yóò wọ imú, yóò wọ ojú. Omi tí o kò lè fi yọ ẹnu, má fi kọ́ ìtukọ̀.

Ibi tó dára jù fún oṣù kìíní ni adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí kò sí oníbàárà. Kí wọ́n lè gbà fún ọ, fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní níṣojú wọn, kí o sì fi rọ́bà inú táyà wé orí àti ìdí rẹ̀ kó má baà fọ́ táìlì. Ibẹ̀ ni o ti máa kọ́ bí a ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ tó dojú dé àti bí a ṣe ń yí i dìde. Kò fẹ̀ tó fún géètì.

Fún géètì, wá adágún ẹja tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀, tó gùn tó mítà 25, tó fẹ̀ tó 15, tí omi rẹ̀ jìn ju mítà kan lọ. Àsìkò tí olóko bá ti kó ẹja tà tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi, kó tó da ọmọ ẹja tuntun sí i, ni kí o lọ bá a. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, kò ní gbà, òótọ́ ló sì ṣe.

Ìdídò Erinlẹ̀ ní ìhà Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo, ó sì fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n omi mímu aráàlú ni. Gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ omi ìjọba, kí o sì kí àwọn apẹja tó ń na àwọ̀n síbẹ̀ kí o tó kó okùn jáde. Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ̀yin òbí mọ̀: omi ìdídò tí kò ṣàn, tí koríko wà ní etí rẹ̀, ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba ibi tí kò sí koríko wọlé, kó fi tówẹ́ẹ̀lì nu ara gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá jáde, kó sì lọ yẹ ìtọ̀ wò ní ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, dókítà ló ń sọ iye tí èèyàn máa lò.

Kí o tó wọ ọkọ̀

Lúwẹ̀ẹ́ mítà 50 pẹ̀lú ṣòkòtò àti ẹ̀wù lọ́rùn láì dúró. Léfòó fún ìṣẹ́jú 5. Bó ò bá tíì lè ṣe é, ọkọ̀ kò tíì kàn ọ́.

Lẹ́yìn náà, kọ́ bí a ṣe ń jáde. Aṣọ rọ́bà kan wà tó máa ń dí ẹnu ọkọ̀ yí ìbàdí rẹ ká kí omi má wọlé. Okùn kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Okùn yẹn gbọ́dọ̀ máa wà níta nígbà gbogbo, kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ rọ́bà. Kí o tó kúrò létí omi, fọwọ́ kàn án. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, tẹ̀ síwájú kí imú rẹ sún mọ́ orí ọkọ̀, gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹni tó dúró tì ọ́ lè mọ̀, fa okùn náà síwájú kí o tó fà á sókè, gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí ẹnu ọkọ̀, kí o sì ti ara rẹ jáde bí ẹni ń bọ́ ṣòkòtò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn máa tẹ̀ sẹ́yìn: itan rẹ̀ á há, ẹ̀rù á bà á. Ṣe é tó ogún ìgbà pẹ̀lú ẹnì kan tó dúró nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Yíyí ọkọ̀ dìde láì jáde nínú rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ìbàdí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, apá kọ́. Mú etí adágún pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé, kí o fi orúnkún àti ìbàdí yí i padà, kí orí rẹ jẹ́ ohun tó máa jáde nínú omi kẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló ń sáré gbé orí sókè nítorí afẹ́fẹ́, orí yẹn ló sì ń tẹ ọkọ̀ rì padà. Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé èjìká títí ọkọ̀ yóò fi dọ́gba.

Ọkọ̀, àjẹ̀ àti ẹ̀wù ìléfòó

Ọkọ̀ ìdíje kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 3.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Kábọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe é ní Yúróòpù, kì í sábà wúwo ju kílò 8 sí 10, tuntun rẹ̀ sì ń ná èèyàn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó yúrò. Má rà á. Àlòkù tí wọ́n fi fáíbà ṣe ló bá olùbẹ̀rẹ̀ mu. Àwọn tó ń fi fáíbà ṣe bọ́ńpà mọ́tò àti táǹkì omi lè lẹ̀ ẹ́ fún ọ bó bá sán. Ní kí wọ́n fi sáǹdípépà ha ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán dáadáa, kí ọkọ̀ sì gbẹ tán pátápátá kí wọ́n tó da résìnì sí i. Èyí tí wọ́n lẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń ṣí lọ́sẹ̀ kejì.

Orí àti ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, kó má baà rì bí omi bá kún un. Bí o kò bá rí àpò rẹ̀ rà, kó ìgò pláástíìkì òfìfo tí o dé pa sínú rẹ̀, kí o sì fi okùn dè wọ́n kí wọ́n má yọ́ wá síbi ẹsẹ̀ rẹ. Gé fóòmù líle sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí àti òkè orúnkún títí ọkọ̀ yóò fi mọ́ ọ lára bí bàtà: bí o bá mi ìdí, kí ọkọ̀ mì, bí o bá fẹ́ jáde, kó má há. Fóòmù tó tóbi jù máa ń pa ẹsẹ̀ kú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kò lè fi orúnkún yí ọkọ̀.

Àjẹ̀ K1 sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 190 sí 205. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ ti olùbẹ̀rẹ̀ láti ara igi tó fúyẹ́, bí igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù. Rántí sọ fún un pé ojú méjèèjì kò gbọdọ̀ kọ ibì kan náà, kí ọ̀kan yí díẹ̀ kúrò lára èkejì, kí èyí tó wà lókè lè máa la atẹ́gùn kọjá.

Má ṣahun owó sí ẹ̀wù ìléfòó. So irin kílò 6 mọ́ ọn, kí o sọ ọ́ sínú omi. Bó bá rì, wá òmíràn. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà ṣe pàtàkì, èyí tí wọ́n ṣe fún omi, tó ní ihò tí omi ń gbà jáde; ti ọ̀kadà máa ń gba omi mọ́ra, á sì máa fa ọrùn.

Síso géètì

Ibí ni kí o ti na owó àti àkókò. Fún géètì mẹ́fà, ọ̀pá 12 lo nílò. Ra páìpù PVC oní-ínṣì kan ààbọ̀, irú èyí tí àwọn púláńbà ń lò. Ẹyọ kan sábà máa ń gùn ju mítà 5 lọ, nítorí náà yóò fún ọ ní ọ̀pá méjì, mẹ́fà sì tó. Má ra èyí tó fẹ́lẹ́. Oòrùn á tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá tó tẹ̀ kì í sì í so tààrà. Àwọn ohun yòókù ni ìdérí páìpù 24, ọparun mẹ́fà tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, ọ̀dà funfun, pupa àti ewé, iyanrìn gbígbẹ, okùn ńlá mẹ́ta tó gùn ju fífẹ̀ adágún lọ ní mítà 10, àti okùn tín-ín-rín tó pọ̀.

Gé páìpù sí mítà 2, méjì-méjì. Fi sáǹdípépà ha á kí ọ̀dà lè mú. Pín in sí òrùka 10, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá funfun ni, kí o wá máa pààrọ̀ rẹ̀: funfun, pupa, funfun, pupa. Ṣe mẹ́rin ní pupa, mẹ́jọ ní ewé. Dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, da iyanrìn tó tó ààbọ̀ kílò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o dé òkè. Iyanrìn yìí ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn máa fi ọ̀pá. Nígbà ọyẹ́, ọ̀pá tí kò ní iyanrìn á máa gbá ọ lójú, ìwọ á sì máa rò pé ìwọ lo kàn án. Bí o bá da omi sí i dípò iyanrìn, á jò.

So ọ̀pá méjì mọ́ ọparun kan, kí àlàfo wọn jẹ́ mítà 1.2. Òfin gbà tó mítà 4, ṣùgbọ́n tóóró ni kí o fi kọ́ṣẹ́. Ta okùn ńlá mẹ́ta kọjá lórí adágún, kí mítà bíi 6 wà láàárín wọn, kí o fà wọ́n le gan-an mọ́ igi tàbí òpó tó rì wọ ilẹ̀. Géètì méjì ni ti okùn kọ̀ọ̀kan.

Má so ọparun mọ́ okùn ńlá ní tààrà. Fi okùn tín-ín-rín méjì gbé e, ọ̀kan ní orí kìíní, ọ̀kan ní orí kejì. Jẹ́ kí wọ́n gba inú òrùka irin kéékèèké tí o so mọ́ okùn ńlá kọjá, kí o fà wọ́n dé etí adágún, kí o sì so wọ́n mọ́ èèkàn. Báyìí, o lè dúró nílẹ̀ kí o gbé géètì sókè tàbí kí o sọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìdí ọ̀pá gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju omi lọ. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, omi adágún lè ga débi pé ọ̀pá á bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe okùn àtúnṣe yìí á máa lúwẹ̀ẹ́ lọ tú kókó lójoojúmọ́. Okùn náà máa ń rọ̀ bí omi bá mu ún. Okùn ráfíà olówó pọ́ọ́kú ni kò dára rárá: oṣù díẹ̀ nínú oòrùn, á di ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ.

Géètì pupa

Ẹni tó bá mọ géètì pupa gbà ti mọ slalom dé ìdajì. Ká ní ó wà lápá òsì rẹ, ìwọ sì ń bọ̀ láti òkè.

Má dojú ọkọ̀ kọ àárín ọ̀pá. Gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó sún mọ́ ọ, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èjìká òsì rẹ lára. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kọjá ọ̀pá yẹn, fi àjẹ̀ ọ̀tún gbá omi ní ìlà gbọọrọ tó yípo, láti ìka ẹsẹ̀ lọ dé ìbàdí. Orí ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí sósì. Lójú ẹsẹ̀, ti àjẹ̀ òsì bọ omi ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún, kó dúró ṣánṣán, kí inú rẹ̀ kọjú sí orí ọkọ̀. Má fà á kíákíá. Dì í mú, kí ọkọ̀ máa yí ká a bí ewúrẹ́ ṣe ń yí èèkàn ká. Orúkọ Milo Duffek, ọmọ Czechoslovakia tó fi han ayé ní 1953, ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí títí dòní.

Bí ọkọ̀ bá ń yí, orí rẹ̀ lè gba abẹ́ ọ̀pá kọjá. Ìdí nìyí tí ọ̀pá fi ga ju omi lọ, tí orí ọkọ̀ sì pẹlẹbẹ. Orí tìrẹ ni òfin ń wò. Bí orí rẹ bá ti wọ àárín ọ̀pá méjèèjì, fa àjẹ̀ tí o dì mú yẹn wá sẹ́yìn, kó di fífà síwájú. O ti jáde nìyẹn. Gbogbo èyí kò ju fífà àjẹ̀ mẹ́ta lọ: gbọọrọ lọ́tùn-ún, dídì mú lósì, fífà lósì.

Bí ìdí ọkọ̀ bá ń gbá ọ̀pá, o yí tètè jù. Bí o bá jìnnà sí ọ̀pá tí o wá ń ṣe róbótó ńlá, o pẹ́ jù, tàbí eré rẹ pọ̀ jù nígbà tí o dé ibẹ̀. Bí èjìká rẹ bá ń kan ọ̀pá bí o ṣe ń jáde, ojú rẹ ló fà á: ọ̀pá lò ń wò. Ibi tí ojú bá wà ni ara ń lọ. Bí orí rẹ bá ti ń wọ géètì, kí ojú rẹ ti wà lára géètì tó kàn. Ní kí ẹnì kan dúró ní etí adágún, kó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá, kó fi fóònù ya fídíò. Àṣìṣe tí ara rẹ ń sẹ́, fídíò á fi hàn.

Ìlànà fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: géètì pupa ogún ní apá òsì, ogún ní apá ọ̀tún, ní gbogbo ìgbà tí o bá wọ omi. Apá tí o kórìíra ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan

Ìgbà mẹ́rin lórí omi, ìṣẹ́jú 60 sí 75, kí oòrùn tó mú. Ìgbà méjì fún agbára lórí ilẹ̀. Ọjọ́ kan fún ìsinmi tòótọ́. Lórí omi, ọjọ́ méjì fún ọgbọ́n géètì láì kánjú. Ọjọ́ kẹta, eré kúkúrú: àáyá 30 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí o sinmi àáyá 90 láàárín wọn. Ọjọ́ kẹrin, gbogbo géètì mẹ́fà ní àyíká méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi tó àáyá 90, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 5 sí 6. Ìsinmi yẹn gùn nítorí pé báyìí gan-an ni ìdíje rí: ìgbà kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹni tó sinmi ìṣẹ́jú kan péré ń kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń tukọ̀ pẹ̀lú àárẹ̀.

Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: àkókò, iye ọ̀pá tí o kàn, àpapọ̀. Fi àáyá 2 àti 50 kún un láì ṣojúsàájú. Má fi eré kún eré títí ìrìn mẹ́ta nínú mẹ́rin yóò fi mọ́.

Lórí ilẹ̀, fífi ọwọ́ fa ara sókè lórí irin, títi ara sókè lórí ilẹ̀, àti eré ìdárayá fún ikùn. Èyí tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni ti èjìká: lọ gba rọ́bà inú táyà lọ́dọ̀ fọ́kanáísà, so ó mọ́ òpó, lẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí o máa fa ọwọ́ síta, 15 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èjìká tó yẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ olùtukọ̀ dúró. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá bá ga tó sì wà lẹ́yìn orí, tí omi wá fà á. Nítorí náà, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ má ga ju èjìká lọ, kí ọwọ́ rẹ sì máa wà níwájú rẹ níbi tí ojú ti lè rí i.

Omi tó ń ya

Kò sí ní adágún ẹja, o kò sì gbọdọ̀ lọ wá a fúnra rẹ nínú odò tó kún lásìkò òjò. Ẹ̀ka igi tó wó sínú omi a máa jẹ́ kí omi kọjá, a máa gbé èèyàn há. Ibi tí omi ti ń bọ́ láti orí ògiri ìdídò kékeré tún burú jù: omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yí padà sẹ́yìn, kì í jẹ́ kí ohun tó bọ́ sínú rẹ̀ jáde. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan láti òkè.

Bí o bá ti ń yí ọkọ̀ dìde lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ní apá méjèèjì, ìgbà yẹn ni kí o wá ibi tí olùkọ́ wà, tí okùn tí wọ́n ń jù sí ẹni tó bọ́ sómi sì wà. Àwọn ipa omi tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe wà ní Augsburg ní Jámánì, tí Òlíńpíìkì 1972 lò, ní La Seu d'Urgell ní Spain, ti 1992, ní Lee Valley lẹ́bàá London, ti 2012, àti ní Vaires-sur-Marne ní Faransé, ti 2024. Nílẹ̀ Áfíríkà, Jinja ní Uganda, níbi tí odò Náílì ti ń ya, ni àwọn oníkáyáàkì mọ̀ jù. Níbẹ̀ ni wàá ti rí i pé lẹ́yìn àpáta kọ̀ọ̀kan, omi dákẹ́ tàbí kó máa padà sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń so géètì pupa sí. Ohun tuntun kan ṣoṣo ló kù láti kọ́: bí o bá ń rékọjá láti inú omi kan sínú èkejì, gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó dojú kọ ìṣàn sókè. Bí o bá gbàgbé, ìṣàn á gun orí ọkọ̀, á dà á dé.

Ìdíje gan-an

Olùdíje kì í forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje àgbáyé; àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ń ṣe é, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ìtukọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀nà rẹ̀ ni: ìdíje Áfíríkà, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ (ọdún 15 sí 18, lẹ́yìn náà àwọn tí kò tíì ju 23), ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ìdíje àgbáyé àwọn àgbà, Òlíńpíìkì. Ní Òlíńpíìkì, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kan lè ní nínú K1 ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ náà ni nínú K1 obìnrin àti nínú C1. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ń bá ọ du àyè yẹn kò pọ̀. Ní Faransé tàbí Slovakia, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ lè má rí àyè.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Jonathan Akinyemi díje fún Nàìjíríà nínú K1 ní London 2012. Ṣáájú rẹ̀, Benjamin Boukpeti gba idẹ fún Togo ní Beijing 2008, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Togo gbà; inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣẹ́ àjẹ̀ rẹ̀ sí méjì. Àjẹ̀ wọ́n, má dán an wò. Ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn méjèèjì ti dàgbà, lẹ́bàá omi tó ń ya, nítorí náà má tan ara rẹ nípa iye ọdún tó máa gbà. Ṣùgbọ́n eré yìí kì í tètè lé èèyàn: Michal Martikán ti Slovakia gba góòlù C1 ní 1996 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, ó sì tún gba idẹ ní 2012.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n á wọn ọkọ̀ rẹ, wọ́n á fi sórí ìwọ̀n, wọ́n á yẹ ẹ̀wù ìléfòó wò. Wọn kì í jẹ́ kí o fi ọkọ̀ dán ipa ọ̀nà náà wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so géètì tán. Ẹsẹ̀ lo máa fi rìn ín ní etí omi. Rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ìgbà kìíní láti mọ nọ́ńbà àti àwọ̀, ìgbà kejì láti mú ibi tí ọkọ̀ máa wà kí ó tó wọ pupa kọ̀ọ̀kan, ìgbà kẹta láti ìsàlẹ̀ padà sókè, nítorí ohun tí àpáta bò lójú ẹni tó ń bọ̀ látòkè máa ń hàn láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó, di ojú, fi ọwọ́ tu ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀ láti géètì 1 dé ìgbẹ̀yìn. Bí àwòrán bá já níbì kan, dìde lọ wo ibẹ̀.

Owó kò pọ̀ nínú rẹ̀. Má fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kí o sì kọ́ iṣẹ́ fáíbà àti iṣẹ́ adájọ́ géètì mọ́ ọn. Méjèèjì máa ń wúlò fún ẹni tí apá rẹ̀ ti rẹ̀.

Nígbà tí o bá fẹ́ kọ̀wé sí àjọ náà, má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ. Fi fídíò ìrìn mẹ́ta lórí géètì mẹ́fà ránṣẹ́, kí wọ́n ya á láti ibì kan náà, kí aago máa hàn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o má gé e. Kọ ìwúwo rẹ, ọjọ́ orí rẹ, apá tí o fi ń yí ọkọ̀ dìde dáadáa, àti àkókò rẹ pẹ̀lú àáyá 2 ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tí o kàn nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ eré náà á kà wọ́n bó ṣe ń wo fídíò, nítorí náà ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kà wọ́n.